Ohùn Ta Ló Fi Mí Fọ́kọ

Ohun àkọ́kọ́ tó rí ọmọbìnrin náà lára lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ni itọ́ ẹnu ara rẹ̀. Wọ́n gbà á síṣẹ́ pé kó máa ka ìwé sókè fún àwọn tí kò ríran, kí wọ́n máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ti rò pé ohùn òun dára. Ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ń kéde ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ nígbà ayé rẹ̀, gbogbo ẹni tó mọ ìyá ló sì ń sọ pé ohùn ìyá ni ọmọ gbé wá sáyé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sí i létí pé kó gbọ́ ohun tó kà, kì í ṣe ohùn dídùn ló gbọ́. Ó gbọ́ bí ahọ́n ṣe ń já kúrò lára àjà ẹnu, bí itọ́ ṣe ń ta pó lábẹ́ eyín, bí ọ̀fun ṣe ń gbé nǹkan mì bí adìyẹ tó ń mumi. Ó bọ́ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ fi omi yọ ẹnu.

Yàrá tó ti ń kàwé náà kò tún ràn án lọ́wọ́. Ògiri tí wọ́n fi fóòmù bò kò jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, fóòmù kékeré tó wà lórí máíkì sì ti gba èémí oríṣiríṣi ènìyàn mọ́ra: ẹni tó jẹ àlùbọ́sà, ẹni tó mu sìgá, ẹni tí eyín rẹ̀ ti ń jẹrà. Bó bá ti sún mọ́ ọn, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mí.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, ló bá a sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ. Etí Ehoro ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí bí eṣinṣin bá rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì, á gbọ́. Ó ní kò sí ohun tó ṣe é.

"Àǹtí, ẹnu tí kò bá ní itọ́, òkú ló ni ín," ló wí. "Ẹ máa kà á lọ."

Nígbà tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, fóòmù tuntun ló bá lórí máíkì. Ọkùnrin náà ti fi okùn pupa so ó nídìí, pé tirẹ̀ nìkan ni, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ mí sí i. Àwọn kan ń fi góòlù wá obìnrin. Fóòmù ni tirẹ̀. Ó sì wọlé.

Láti ọjọ́ náà, bó bá kàwé tán, kì í tètè lọ sílé mọ́. Á fa àga jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, á máa wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ohùn kọ̀ọ̀kan ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀. Tíráàkì ni wọ́n ń pè é. Etí Ehoro ní kó wò ó bí omi ẹ̀rọ. Tíráàkì kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀, fédà sì ni ọwọ́ ẹ̀rọ tí a fi ń ṣí omi tàbí tí a fi ń tì í. Bí páìpù bá pọ̀ jù, ènìyàn lè da púpọ̀ nínú wọn pọ̀ sínú àgbá kan, kó máa fi ọwọ́ kan ṣoṣo darí gbogbo wọn, kí àgbá náà tó tú sí ẹnu àgbà, níbi tí ohun gbogbo ti ń jáde sí etí aráyé. Ènìyàn sì tún lè la páìpù kékeré kan láti ara ńlá, kó darí rẹ̀ sí ibi tí a ti ń ṣe gbohùngbohùn, kí ohùn náà lè dún bíi pé inú gbọ̀ngàn ńlá ló wà. Ó ní gbohùngbohùn yìí ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà dé ẹnu àgbà, kì í gba inú àgbá kọjá.

Ó tún fi ohun kan kún un. Wọ́n lè la páìpù kékeré náà kó tó dé ibi ọwọ́ ẹ̀rọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, bí o tilẹ̀ ti ẹ̀rọ pa pátápátá, omi á ṣì máa lọ sínú gbohùngbohùn.

Ọmọbìnrin náà bi í bóyá ẹni tí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ á ṣì máa sọ̀rọ̀ ni.

"Ara rẹ̀ á lọ," ni Etí Ehoro wí, "òjìji rẹ̀ á kù."

Ó rẹ́rìn-ín dé ilé lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀ pé ìfẹ́ lè gba ojú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé. Òun tí kì í lè mu omi nínú ife ẹlòmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu tíì tí ọkùnrin náà mu kù. Bí kò bá rí i fún ọjọ́ díẹ̀, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Bàbá rẹ̀ ló di òkúta sójú ọ̀nà. Tíṣà ìṣirò ni, ó ti fẹ̀yìn tì, òun àti ọmọ rẹ̀ yìí ló kù nínú ilé láti ìgbà tí ìyá ti kú. Ó gba Etí Ehoro lálejò lẹ́ẹ̀kan péré. Ó bi í ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọkùnrin náà ní òun ń tún ohùn ṣe. Bàbá bi í bóyá ohùn tó bàjẹ́ ni. Ó ní nígbà míì ó bàjẹ́, nígbà míì olóhùn ni kò mọ orin kọ, òun á sì fà á sókè síbi tó yẹ kó dé. Bàbá mi orí. Lẹ́yìn tí àlejò lọ, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹni tó bá lè sọ ẹni tí kò mọ orin kọ di olórin, á lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́ di bẹ́ẹ̀ ni. Òun kò ní fi ọmọ òun fún oníṣòwò irọ́.

Ọmọbìnrin náà sunkún, ó bínú. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá ìdáwà ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá, kì í ṣe ọgbọ́n. Etí Ehoro ní tirẹ̀ kò tún gbé ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá mọ́. Ó ní ojú bàbá le. Àbúrò ìyá ọmọbìnrin náà ló rán níṣẹ́, wọ́n sì ń pe obìnrin náà ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì àgbà ni lóòótọ́, ẹni tó ti nu èébì, tó ti fọ egbò, tó ti pa òkú lójú dé, tí kò sì sí ohun tó ń rí i lára láyé yìí. Ó fẹ́ràn Etí Ehoro torí ó ń dá a lẹ́rìn-ín. Ó gbé ọ̀rọ̀ lọ, ó gbé e bọ̀, bàbá kò yí padà. Ìgbà náà ló dá a lábàá pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dé inú ọkàn bàbá, kó gba ọ̀dọ̀ ìyá kọjá. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wà nínú àpótí: ìkéde ibùdókọ̀ tí wọ́n fún ìyá nígbà tó fẹ̀yìn tì, àti ìkíni ọjọ́ ìbí tó gbà sílẹ̀ fún Àǹtí Nọ́ọ̀sì nígbà àìsàn tó pa á. Ariwo ti bo gbogbo rẹ̀, bàbá kì í gbọ́ wọn mọ́. Kí ọkùnrin náà gbà wọ́n, kó fọ̀ wọ́n mọ́.

Bàbá lọ́ra títí, ó kó wọn sílẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Òṣù bíi mélòó kan kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó ní pálọ̀ bàbá, Etí Ehoro sì gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì. Ìkéde ibùdókọ̀ ló kọ́kọ́ dún. Ohùn ìyá jáde bíi pé ó wà nínú yàrá kejì, ó ń sọ fún àwọn èrò pé kí wọ́n jọ̀wọ́ di ọmọ wọn lọ́wọ́ mú, kí wọ́n má sún mọ́ ojú irin. Ìkíni ọjọ́ ìbí tẹ̀ lé e. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ń nu ojú. Lẹ́yìn náà ni Etí Ehoro wí jẹ́jẹ́ pé ohun kan wà nísàlẹ̀ kásẹ́ẹ̀tì, lábẹ́ ariwo, tó jọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ó tẹ ẹ̀rọ.

"Ọkọ mi," ni ohùn ìyá wí láti ọ̀nà jíjìn, "bí ọmọ wa bá mú ẹni tó fẹ́ wá, má bínú. Mo fi ọmọ mi fún un."

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ọwọ́ Etí Ehoro ló wá dì mú, ó ní ẹni tó ni ọmọ ti fọwọ́ sí i, kí ló tún kù fún òun láti sọ.

Gbogbo ilé ń yọ̀. Ṣùgbọ́n ara ọmọbìnrin náà ń rìn bíi pé èèrà wọ inú aṣọ rẹ̀. Kí ohùn náà tó sọ pé "mo fi", ó ti gbọ́ ohun kékeré kan: ọ̀fun tó gbé nǹkan mì bí adìyẹ tó ń mumi.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìyá ló bí òun, ọ̀fun ìyá ni ọ̀fun òun. Ó sọ ọ́ lánàá, ó tún un sọ lónìí. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti ń wá gbọ̀ngàn. Àmọ́ bí Etí Ehoro bá gbá a mọ́ra, á wá àwáwí já ara rẹ̀ gbà. Ó bi í lọ́jọ́ kan bóyá ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ yẹn dá a lójú. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé ohùn ìyá ara rẹ̀ ló tún wá ń jowú.

Ẹ̀rín náà ló ta á jí. Lọ́jọ́ tí Etí Ehoro jáde lọ ra wáyà, ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ṣí iṣẹ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Àwọn tíráàkì ìyá wà níbẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, gbogbo wọn tú sínú àgbá kan tó pè ní "Ìyá". Ó jẹ́ kó máa dún lọ títí ó fi kù díẹ̀ kó dé ibi ìbùkún náà, ó wá fa fédà àgbá náà wálẹ̀ pátápátá. Ó yẹ kí ibi gbogbo dákẹ́ rọ́rọ́. Kò dákẹ́. Láti inú gbohùngbohùn, ohùn kan tí kò ní ara ń wí pé, "Mo fi ọmọ mi fún un."

Ó tọpa páìpù kékeré náà padà. Kò ti ọ̀dọ̀ tíráàkì ìyá kankan wá. Ọ̀dọ̀ tíráàkì kan tó fara pamọ́ sísàlẹ̀ pátápátá ló ti wá, èyí tí wọ́n ti jọ da pọ̀ sínú àgbá "Ìyá", tí wọ́n sì fi gbohùngbohùn bo ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Orúkọ tíráàkì náà ni "Ewúrẹ́". Ó pa gbogbo ìyókù lẹ́nu mọ́, ó jẹ́ kí èyí nìkan sọ̀rọ̀. Ohùn ara rẹ̀ ni. Ọkùnrin náà ti fà á wálẹ̀ díẹ̀ kó lè dún bíi ti àgbàlagbà. Ó rántí ìwé náà pàápàá, ìtàn àgbẹ̀ kan tó kà fún àwọn ọmọdé tí kò ríran: "Mo fi ewúrẹ́ mi fún un." Wọ́n ti gé ewúrẹ́ jáde, wọ́n sì ki "ọmọ" tí ìyá ń sọ ní ibùdókọ̀ bọ àyè rẹ̀. Inú àwọn ìwé mìíràn tó ti kà ni wọ́n ti kó àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Etí Ehoro kò tilẹ̀ yí orúkọ ewúrẹ́ padà.

Nígbà tí ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́, orí àwo ìfọwọ́ ló ti bá a, ó ń bì.

Kò sẹ́. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà tó ṣí sílẹ̀, bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn díẹ̀ ló ṣe sọ̀rọ̀. Ó ní etí rẹ̀ nìkan lábẹ́ ọ̀run ló lè mọ̀ ọ́n. Ó ní kò sí iṣẹ́ tí òun ṣe rí tó dára tó ìyẹn. Ó ní ìfẹ́ ló mú òun ṣe é, pé bí ìyá bá wà láyé, ohun tí ì bá sọ náà nìyẹn.

"Bóyá," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Itọ́ mi lo mú, o fi sí ẹnu òkú."

Ó sá lọ bá Àǹtí Nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Ó retí pé obìnrin náà á ké. Àǹtí kàn ń ká ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó bọ́, ó ń ká a, ó tún ń tú u. Ó ní òun ti mọ̀ láti pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n òun kò kọjú sí ọkọ rẹ̀ pè é ní "ọkọ mi" rí nígbà àìsàn yẹn, wọ́n ń bá ara wọn jà títí tó fi kú, òun ló mọ ohun tí etí òun gbọ́ lẹ́bàá ibùsùn. Ṣùgbọ́n bàbá ti ń sùn dáadáa láti ọjọ́ náà. Ó ti ń jẹun. Oògùn kíkorò, ṣúgà la fi ń bò ó.

"Àǹtí, ẹran ara mi lẹ fi ṣe ṣúgà náà," ló wí. Ó dìde. Ọwọ́ tí àǹtí nà sí i, kò lè fara kàn án.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òótọ́ ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ nípa bàbá. Láàárọ̀ tí bàbá bá ń fá irùngbọ̀n, á tan ohùn náà tí Etí Ehoro fi sórí fóònù rẹ̀, á sì máa dá a lóhùn. Á ní, "N kò bínú mọ́, ìyá ọmọ." Ọmọbìnrin náà á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ewúrẹ́. Ó rò ó pé kó dákẹ́. Ó rò ó pé kó fẹ́ ọkùnrin náà, kó gbé ìríra rẹ̀ mì bí ẹni tó ń gbé kóró oògùn mì. Obìnrin mélòó ni kò gbé ju bẹ́ẹ̀ lọ mì? Ó sì ń ṣàárò rẹ̀, ó ń ṣàárò ohùn rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ. Ìgbà tó wá gbọ́ tí bàbá ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ fún ohùn náà pé ọmọ wọn ti fẹ́ di ìyàwó, ó mọ̀ pé òun kò lè dákẹ́ mọ́.

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún bàbá, bàbá kò gbà á gbọ́. Ó bínú sí i, ó ní ọmọ wo ló ń jowú ìyá rẹ̀ tó ti kú. Ó wá ní ó dáa, kí wọ́n lọ síbi iṣẹ́ náà, kí ọkùnrin yẹn fúnra rẹ̀ fi han òun.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé ibẹ̀. Etí Ehoro rí bàbá lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde lórí àga rẹ̀. Kò sí alárinà láàárín wọn lọ́jọ́ náà. Bàbá jókòó, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sórí itan, ó ní kó jẹ́ kí ìyàwó òun sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà tẹ ẹ̀rọ, ohùn náà sì jáde. Bàbá ní ó yá, kó máa mú ohun tó fi kún un kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí òun rí i.

Etí Ehoro gbé ọwọ́ lé fédà. Ó mú gbohùngbohùn kúrò, ohùn náà bọ́ síhòòhò, ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ sì hàn bí egbò tí wọ́n ṣí bándéèjì rẹ̀. Ó mú èyí tó fi fa ohùn wálẹ̀ kúrò, ọmọbìnrin náà sì ni bàbá gbọ́, kedere, bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nílé lójoojúmọ́. Ó wá dá "ewúrẹ́" padà sí àyè rẹ̀. Bàbá gbọ́ gbólóhùn náà pẹ̀lú ewúrẹ́ rẹ̀. Ó yọ áńkáṣíìfù, ó nu etí ọ̀tún, ó nu tòsì, ó nu ún pẹ́ bí ẹni tí kòkòrò wọ̀ létí.

Ó ní kó fi ti ìyàwó òun nìkan sílẹ̀. Etí Ehoro ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni, "Ọkọ mi," tí ìyá pè nínú ìkíni ọjọ́ ìbí nígbà tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé ọkọ òun kì í gbọ́ràn, àti "ọmọ," láti inú ìkéde, pẹ̀lú ariwo ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn rẹ̀. Ìyókù dákẹ́.

Bàbá wo gbogbo ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà náà. Ó wá bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè kan.

"Nínú gbogbo èyí, èwo ni ohùn tìrẹ?"

Bàbá ní àbúrò ìyàwó òun ti wá bẹ òun. Òkú ti wá bẹ òun. Ọmọ òun ti wá bẹ òun láti inú ìwé tó kà, láìmọ̀ pé ó ń bẹ ẹnikẹ́ni. Òun kò tíì gbọ́ kí ọkùnrin tó ń fẹ́ ìyàwó ya ẹnu rẹ̀.

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sórí wáyà tó wà nílẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò dùn, ó ń fọ́. Ó ní òun jẹ̀bi, ẹ̀rù bàbá ló ba òun. Ó ní òun fẹ́ ọmọ rẹ̀, kí bàbá jọ̀wọ́ fi í fún òun.

Bàbá gbójú kúrò lára rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní òun ti fi ẹnu òun gbà á nígbà kan, nítorí irọ́. Òun kò ní sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ mọ́ láéláé. Ẹni tí wọ́n ń tọrọ ló wà níbẹ̀ yẹn, kó dáhùn.

Ọmọbìnrin náà wo ojú tó ti fẹ́ràn jù láyé. Kò sí ibi tí kò mọ̀ lára rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá wọ ilé ọkùnrin yìí, òun kò ní lè sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ mọ́ láìrò pé ó ń kó o jọ, pé lọ́jọ́ kan, á gé e, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó bá wù ú.

"N kò fẹ́ ọ mọ́," ló wí.

Etí Ehoro ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde. Bàbá kò gbọ́ra dáadáa nítorí ariwo títì, torí náà wọ́n rìn dé ojú ọ̀nà kékeré tó dákẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó bi í, láì wo ojú rẹ̀, bóyá ó ṣì fẹ́ràn ọkùnrin náà.

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn. "Ìyẹn gan-an ló ń rí mi lára jù."